Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Florida State: Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Jíhìn?

Sí Kóòṣì Mike Norvell, sí gbogbo ọmọ ikọ̀ bọ́ọ̀lù Florida State University, àti sí àwọn aláṣẹ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá níbẹ̀, ní ìlú Tallahassee.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ti di alátìlẹyìn eré yìí, àwọn ọmọ wa sì wà nínú àwọn tó ń gbá a. A ní ohun tí a fẹ́ bá ara wa sọ lórí bí ẹ ṣe ń fìdí rẹmi láti ọdún 2024 kó tó dé etí yín.

Fún ẹni tó ń kà á nílé: bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń dé akoto fún. Ẹ má sì rò pé nítorí ó jẹ́ ti fásitì, eré ọmọdé ni. Pápá Doak Campbell tí Florida State ń lò ń gba èèyàn tó lé ní 60,000, ìlú á sì kún bí ọjọ́ ọdún ní gbogbo Sátidé tí wọ́n bá ń gbá a nílé. Ikọ̀ yìí ti gba ife orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹta: 1993, 1999 àti 2013. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láti ọdún 2024 fi dun àwa tí a fẹ́ràn wọn dé egungun.

Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìbànújẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹ na Louisville 16 sí 6, ẹ gba ife ACC, líìgì tí ẹ wà. Ẹ gbá ìdíje 13, ẹ borí ní gbogbo 13. Ẹsẹ̀ Jordan Travis, ọmọ tó ń darí ìkọlù yín, ti kán ní oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n àwọn yòókù di àmùrè wọn le, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà láìsí i. Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ tó ń yan ikọ̀ mẹ́rin tí yóò du ife orílẹ̀-èdè nígbà náà kò yàn yín. Kò tíì sí ikọ̀ kan rí nínú àwọn líìgì ńlá márùn-ún tó gba ife líìgì rẹ̀ láìfìdí-rẹmi tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ yọ sílẹ̀. Travis fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé ó wu òun kí ẹsẹ̀ òun ti kán ṣáájú ìgbà yẹn, kí wọ́n lè rí i pé ikọ̀ náà ju òun nìkan lọ. Ìwà àìdáa ni wọ́n hù sí yín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù yẹn kan náà, ẹ pàdé Georgia nínú Orange Bowl, ìdíje ńlá kan tí wọ́n ń gbá lópin sáà, wọ́n sì na yín 63 sí 3. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù yín kò jáde sí pápá. Àwọn kan ń dáàbò bo ara wọn fún NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, àwọn kan ti ń múra fásitì mìíràn, àwọn kan sì fara pa. Mi ò dá ọmọ tó ń tọ́jú ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀hónú tó tọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di àwáwí. Ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́, àwa alátìlẹyìn a rán ara wa létí pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ. Bí ẹ̀yin náà bá ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìmúra yín, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Ìgbìmọ̀ yẹn kọ́ ló gbá bọ́ọ̀lù ọdún 2024.

Ọdún 2024 náà rèé. Wọ́n fi yín sí ipò kẹwàá ní gbogbo Amẹ́ríkà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí Dublin ní Ireland, Georgia Tech na yín 24 sí 21. Boston College tẹ̀lé e. Memphis, níbi tí Kóòṣì ti ṣiṣẹ́ kó tó wá sí Tallahassee, wá bá yín nílé, wọ́n sì borí 20 sí 12. Notre Dame ṣe é débi 52 sí 3. Nígbà tí ó máa fi parí, ìdíje 12 ni ẹ gbá, méjì péré ni ẹ borí. Yàtọ̀ sí ti Charleston Southern, ilé-ìwé kékeré tí kì í ṣe ẹgbẹ́ yín, kò sí ìdíje kan tí ẹ ti gba ju máàkì 21 lọ. Láti 13 láìfìdí-rẹmi sí méjì nínú 12, láàárín ọdún kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ògbóǹtarìgì ti lọ sí NFL, ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀bùn nìkan kì í fa irú ìṣubú bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa ìgbìyànjú níbí, torí pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí a ń fi ẹnu lásán pariwo. Eré kan nínú bọ́ọ̀lù yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́fà lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á dúró, wọ́n á tún tò. Ìkọlù ikọ̀ kan lè ṣe irú rẹ̀ tó 60 tàbí 70 nínú ìdíje kan. Nínú eré kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé bọ́ọ̀lù. Àwọn mẹ́wàá yòókù ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún. Ibẹ̀ ni ìgbìyànjú wà. Ṣé ọmọ tó yẹ kó gba bọ́ọ̀lù lápá òsì ń dí ọ̀tá lọ́nà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá gba apá ọ̀tún lọ? Ṣé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ń sáré lé ẹni tó ti já gbà á kọjá, àbí ó ń wò ó bó ṣe ń lọ? Nígbà tí ìyàtọ̀ máàkì bá ti di 30, ṣé ẹsẹ̀ ṣì ń yára? Àwọn kóòṣì mọ èyí. Fídíò gbogbo ìdíje wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Àìkú. Kò sí ọmọ tó lè fara pamọ́ fún fídíò. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́ nínú ìdíje kẹta, tó tún wà lórí pápá nínú ìdíje kẹjọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ó ti di ti ẹni tó rí i tó sì dákẹ́.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, tí owó rẹ̀ sì pọ̀ jù, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ jíhìn. Ọmọ ọdún 19 ló yẹ kó kẹ́yìn, kì í ṣe pé kó má jíhìn rárá o, ṣùgbọ́n kó rí i lára àwọn àgbà kí wọ́n tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí Alabama ń wá kóòṣì tuntun, àwọn aláṣẹ Tallahassee fún Kóòṣì Norvell ní àdéhùn tuntun tó gbé owó rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ́dún. Nígbà tí sáà náà sì bàjẹ́, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ní kí ó máa lọ, owó tí wọ́n máa san fún un lé ní mílíọ̀nù 50. Ẹni tó bá buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti so ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ lórí èyí bó ṣe yẹ, àwa tí à ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí à ń dáwó.

Mo gbọ́dọ̀ yin Kóòṣì lórí ohun kan. Lẹ́yìn sáà 2024, ó gbà kí mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ dọ́là nínú owó rẹ̀ ti ọdún 2025 lọ sínú àpò tí wọ́n fi ń gbé eré ìdárayá ilé-ìwé náà ró. Àwọn kóòṣì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ kejì ìyà tí Notre Dame fi jẹ yín, ó ti lé Alex Atkins tó ń darí ìkọlù àti Adam Fuller tó ń darí ìdáàbòbò, àti Ron Dugans tó ń kọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù mú pẹ̀lú wọn. Ó lè jẹ́ pé ó pọn dandan. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìdáàbòbò titun àti ìkọlù titun dé ní 2025, ẹsẹ̀ tí kò sáré nílé onílé kò sì tíì sáré síbẹ̀. A ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Nílé onílé: ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ikọ̀ yìí, òun ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ìgbà ìkẹyìn tí Florida State lọ sí ilé ẹlòmíràn tó sì borí ni Gainesville, ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, tí ẹ na University of Florida 24 sí 15. Láti ìgbà náà títí dé òpin sáà 2025: SMU, Duke, Miami, Notre Dame, Virginia, Stanford, Clemson, NC State, Florida. Mẹ́sàn-án lẹ lọ, mẹ́sàn-án lẹ fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹ̀yin kan náà na Alabama 31 sí 17 ní Doak Campbell, tí ariwo àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ dé ọ̀dọ̀ Stanford ní California. Ìdíje mẹ́rin péré ni Stanford borí ní gbogbo sáà yẹn, kóòṣì adelé ló sì ń darí wọn. Wọ́n na yín 20 sí 13.

Àwọn ọmọ tó na Alabama náà ni wọ́n wọ bàálù lọ sí California. Ẹ̀bùn wọn kò dín kù lójú ọ̀run. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nílé, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń gbé wọn ró. Níta, àfi kí wọ́n gbé ara wọn ró, kí ọmọ kan wo ojú ọmọ kejì kó sì sọ fún un pé, "Ìwọ kò sáré. Sáré." Ikọ̀ tí kò bá ní ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kò lè borí níbi tí wọ́n ti ń hó lé e lórí. Ẹ sì jẹ́ ilé-ìwé tó mọ iyì irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1962, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Coyle Moore ní kí àwọn ọmọ mú koríko pápá Georgia wá fún òun, tí wọ́n sì borí níbẹ̀ 18 sí 0, ni ẹ ti ń bu koríko ilẹ̀ àwọn kan tí ẹ bá ṣẹ́gun nílé wọn, pàápàá níbi tí wọn kò ti retí pé ẹ máa borí, tí ẹ ń sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìgbáradì yín, tí ẹ ń fi àmì ìrántí sí orí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó dé lẹ́yìn ọdún 2023 ń rí ibi ìsìnkú koríko yẹn bí wọ́n ṣe ń lọ síbi ìgbáradì, wọn kò sì tíì mú koríko kan wá láti òde.

Ẹ má sọ fún mi pé owó ló bà á jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i kí àwọn fásitì máa san owó fún àwọn eléré ìdárayá wọn tààrà, tó fi lè tó mílíọ̀nù 20 àti ààbọ̀ dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́ fún ilé-ìwé kan. Inú mi dùn sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbà fi jẹ nínú òógùn àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá ń gbowó rẹ̀, a ń jíhìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ọmọ tó ń gba owó gidi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi fídíò rẹ̀ hàn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìbínú.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru transfer portal, ètò tí ọmọ fi lè kó kúrò ní fásitì kan lọ sí òmíràn. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n rà kò lè ní ìfẹ́ ilé-ìwé. Mi ò gbà pátápátá. Ẹ wo Indiana. Ní 2023, ìdíje mẹ́ta ni wọ́n borí nínú 12, wọ́n sì wà lára àwọn ilé-ìwé tí ìyà ti jẹ jù lọ nínú ìtàn eré yìí. Wọ́n mú Curt Cignetti láti James Madison, ó sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dání. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n borí 11. Lọ́dún kejì, ẹnikẹ́ni kò na wọ́n, wọ́n sì gba ife orílẹ̀-èdè ní oṣù Kìíní ọdún 2026 lórí Miami, 27 sí 21. Inú portal yìí kan náà ni wọ́n ti rí àwọn ọmọ wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ọmọ James Madison ti mọ ohun tí Cignetti ń fẹ́ kí wọ́n tó dé, nítorí náà ẹni tuntun tó bá dé bá àwọn ojúgbà rẹ̀ tó ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kóòṣì, ẹ̀yin náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí ẹ máa lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Jacksonville State, ilé-ìwé kékeré, gba bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn, wọ́n na yín 20 sí 17 nílé yín. Ẹ fìdí rẹmi nínú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìtìjú yẹn ju ti 2024 lọ lójú mi. Síbẹ̀ nínú mẹ́jọ tó kù, ẹ borí márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn ni ti Miami, 31 sí 28, níbi tí Jordan Travis ti ju bọ́ọ̀lù nígbà tó ku ànfààní kan ṣoṣo láti fi gba yáàdì 14, tí ẹ sì rí i gbà. Ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ borí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, 13. Àwọn ọmọ tó jẹ ìyà 2021 ni wọ́n di àgbà 2023. Wọ́n jẹ ẹ́ pọ̀, wọn kò sì fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí ìyà 2024 kò bí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ó jẹ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ ni wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí 2025 dé, ẹ sì tún kó ẹlòmíràn wá rọ́pò wọn. Ẹ kàn gbé ìyà yẹn jù nù.

Kóòṣì Bobby Bowden tí ère rẹ̀ wà ní pápá yín bá ikọ̀ tó burú ju tiyín lọ nígbà tó dé ní 1976. Ní 1973, wọn kò borí kankan nínú 11. Ọ̀kan ni wọ́n borí ní 1974, mẹ́ta ní 1975. Nígbà tí Miami na òun náà 47 sí 0 ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi àwọn àgbà jókòó, ó sì kó àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ jáde lọ kojú Oklahoma. Wọn kò borí lọ́jọ́ náà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n borí mẹ́wàá. Ó fi hàn pé òun kò ní fi orúkọ ẹni dá ẹnikẹ́ni sí lórí pápá.

Fún ẹ̀yin òbí Yorùbá tí ọmọ yín wà nínú ikọ̀ tí wọ́n ń nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ rántí Adetomiwa Adebawore. Northwestern ló ń gbá a fún. Ní 2022, ìdíje àkọ́kọ́ ni wọ́n borí, ní Dublin yìí kan náà, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú mọ́kànlá tó kù. Ọmọ náà kò fi ìyà ikọ̀ ṣe ìdí láti jókòó. Nígbà tí NFL pe àwọn ọmọ fún àyẹ̀wò ní 2023, ó wọn ìwọ̀n 282 pọ́ùn, ó sì sáré yáàdì 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4.49, eré tí àwọn ọmọ tí kò sanra rárá ń sá. Indianapolis Colts yàn án. Ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí ikọ̀ tí kò dára kì í ṣe iṣẹ́ náà fún ikọ̀ nìkan.

Ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ẹ ń retí lọ́wọ́ Kóòṣì ní 2026, kí ẹ sọ ọ́ síta kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti bàjẹ́. Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá ṣe ìmẹ́lẹ́ jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ni owó rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ sì jẹ́ kí a rí i. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yan ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti dìbò, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹni tó jẹ ìyà 2024 tí kò sá lọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin ọmọ, Tuscaloosa, ìlú tí Alabama wà, ń dúró dè yín, Alabama kò sì ní gbàgbé 31 sí 17. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbáradì àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹjọ, kí ẹni tó bá ṣe ìmẹ́lẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ láti ẹnu kóòṣì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan lára àwọn alátìlẹyìn yín.